Ọ̀sà tí Olùkọ́ Jọ́gíráfì Gbẹ́ sí Ìgándò

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí gan-an ló ní kí n kọ ọ́ síta. Mo bi í pé ṣé kí n pa orúkọ rẹ̀ dà, ó ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, pé gbogbo Ìgándò ló ti mọ̀, àwọn tí kò tíì gbọ́ ló kù tí òun fẹ́ kí wọ́n wá fi òun rẹ́rìn-ín. Ọmọ́wùnmí ni orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni, nílé-ẹ̀kọ́ girama kan ládùúgbò náà. Bó bá jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ló pa irú irọ́ yìí, à bá ní kò mọ̀ ọ́n ni.

Ọdún 1989 ni. Owó oṣù olùkọ́ nígbà yẹn, ńṣe ló ń bọ̀ bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Sókótó, nígbà tó bá sì fi máa dé, á ti rù. Gbogbo ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ ló fẹ́ sá lọ sílùú òyìnbó. Ọmọ́wùnmí àti ọkọ rẹ̀, Gbóyèga, jẹ́ ọmọ Iléṣà, wọ́n háyà yàrá méjì nílé Bàbá Mọ́ṣúdù, tí í ṣe baálẹ̀ àdúgbò, Àwórì pọ́ńbélé. Gbóyèga ń ṣe akọ̀wé níléeṣẹ́ kan n'Íkẹjà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àfi tí oúnjẹ bá pẹ́.

Ìyà tó ń jẹ gbogbo wọn níbẹ̀ kò ju ìyà omi lọ. Páìpù ìjọba dé Ìdímù, ó dúró, bí ẹni pé wọ́n fi ìyá rẹ̀ búra fún un pé kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Omi kànga wọn sì rí bíi tíì oníwàrà.

Ọmọ baálẹ̀, Mùnírátù, ló gba Ọmọ́wùnmí lọ́wọ́ ìyà náà. Páànù àti ìṣó ni Mùnírátù ń tà ní Ìdímù, ọkọ̀ tó bá sì kó ọjà rẹ̀ a máa gbé dúrọ́ọ̀mù omi bọ̀ wálé. Korobá Ọmọ́wùnmí ló máa ń kọ́kọ́ kún, kí ó tó kan ti ẹlòmíràn. Kò gba kọ́bọ̀ rí. Ó ní Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ àwọn, òun náà á máa fún Tíṣà lómi, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnìkan ní gbèsè.

Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kó tó di pé ẹ gbọ́ ìyókù.

Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ wọn pé ẹ́ḿbásì orílẹ̀-èdè kan ní Victoria Island ń fún àwọn àdúgbò ní ìrànwọ́. N kò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà, wọn kò ṣẹ̀ mí. Ẹ sáà mọ̀ pé ibi tí yìnyín ti ń bọ́ bí ẹni ń gbọn ẹ̀lùbọ́ ni. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí okùn ọ̀rẹ́ tó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì yi dáadáa. Àwọn obìnrin àdúgbò pe ìpàdé, wọ́n ní Tíṣà ló gbọ́ òyìnbó jù, kí ó lọ bá wọn tọrọ kànga ẹ̀rọ. Mùnírátù ló fún un lówó ọkọ̀. Ó tún yá a ní bàtà.

Bí Ọmọ́wùnmí ṣe wọ ẹ́ḿbásì nìyẹn, nínú bàtà Mùnírátù, tòun ti ọ̀rọ̀ kànga lẹ́nu.

Ọ̀dọ́bìnrin òyìnbó kan ló gbà á lálejò, irun rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọmọ. Ó ṣàlàyé pé oríṣi ìrànwọ́ méjì ló wà. Èkíní, àwọn á ṣe iṣẹ́ kan fún àdúgbò, bíi kànga ẹ̀rọ, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Èkejì ni ti ìlú ọ̀rẹ́. Àwọn á mú ìlú kan níbí, àwọn á fi ṣe ọ̀rẹ́ ìlú kan lọ́dọ̀ àwọn tó bá jọ ọ́. Ọmọ ìlú méjì láti ibí á wọ bàálù lọ lo oṣù mẹ́ta lọ́hùn-ún, gbogbo ìnáwó di ti àwọn. Ó ní ìlú kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì rí ọ̀rẹ́.

Ó gbé fọ́tò ìlú náà síwájú Ọmọ́wùnmí. Àwọn ilé pupa kéékèèké tò sétí ọ̀sà kan tó mọ́ lóló. Àwọn èèyàn ń tukọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbé korobá rí láyé.

Òyìnbó bi í pé, "Ǹjẹ́ ẹ ní ọ̀sà ní Ìgándò?"

Ọmọ́wùnmí sọ fún mi pé òun fẹ́ dáhùn pé rárá. Ó ní òun ti gbé ẹnu sókè fún rárá náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i lọ́rùn, fọ́tò wà níwájú rẹ̀, ẹnu tó yẹ kó sọ rárá ló sọ pé, "A ní in."

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

Atẹ́gùn tún fẹ́ sí i lọ́rùn. Ó ní, "Ìdẹ̀ra."

Ọ̀rọ̀ kànga kò jáde mọ́. Ó gbé e mì pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fún un.

Ẹ wò ó, òpùrọ́ tí kò mọ̀wé, irọ́ rẹ̀ kì í jìnnà. Olùkọ́ jọ́gíráfì jókòó, ó ya máàpù. Ó fi ibi tó jìn jù hàn, ó fi erékùṣù kékeré kan sáàárín, ó sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá lásìkò ọyẹ́. Ó tún dá àwọn apẹja kan sílẹ̀ síbẹ̀. Ó ní òun kò ya máàpù tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí fún àwọn ọmọ kíláàsì òun.

Ó ku ẹni tó máa rìnrìn àjò. Ẹ́ḿbásì ní kí ọ̀kan jẹ́ olùkọ́, kí èkejì jẹ́ ọmọ baálẹ̀. Ọmọ́wùnmí fi Bíbélì búra fún mi pé Mùnírátù ló wà lọ́kàn òun títí òun fi délé. Ṣùgbọ́n nígbà tó ròyìn fún ọkọ rẹ̀, Gbóyèga gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí ìwọ máa jẹ bọ́tà lọ́hùn-ún, kí èmi máa pọn omi níbí?"

Bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣe di ọmọ baálẹ̀ Àwórì nìyẹn, láìpa ewúrẹ́, láìkí ẹnikẹ́ni.

Ìka baálẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé tí ẹ́ḿbásì ní kí wọ́n kọ. Ọmọ́wùnmí gbé e tọ Bàbá Mọ́ṣúdù lọ. Baba kò mọ̀wé, ó bi í pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ omi ni. Ẹ kò lè pè é ní irọ́, ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ omi ni lóòótọ́. Baba wúre fún un, ó ti ìka bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ ni ẹ́ḿbásì fèsì pé àwọn gbà. Àdúgbò gbọ́ pé òyìnbó gbà, kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí wọ́n gbà. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà wọn wàásù lórí Mósè tó lu àpáta tí omi fi jáde, ó ń wo Ọmọ́wùnmí bí ẹni pé ọ̀pá Mósè wà nínú báàgì rẹ̀. Lèmọ́mù náà gbàdúrà fún un ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn ọkùnrin ṣán igbó ibi tí wọ́n máa gbẹ́ kànga sí. Mùnírátù gbé páànù tuntun wá láti ìsọ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi bo ilé ẹ̀rọ náà, pé òun kò ní gbowó.

Ọmọ́wùnmí ní ọjọ́ tí òun rí páànù yẹn ni òun kọ́kọ́ rò pé kí òun jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ra súwẹ́tà.

Ohun tó ń rò ni pé àwọn á ti lọ kí òyìnbó tó wá. Oṣù mẹ́ta pẹ́ púpọ̀, ta ló mọ̀, bóyá àwọn kò tilẹ̀ ní padà. Àfi bí ọ̀dọ́bìnrin ẹ́ḿbásì ṣe ránṣẹ́ pè é, tó ní ọ̀rọ̀ ti yí padà: olórí ìlú ọ̀rẹ́ wọn lọ́hùn-ún kò lè fara dà á mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bọ̀, pẹ̀lú ẹ̀bùn.

Ó gbìyànjú láti dí i lọ́wọ́. Ó ní ọ̀nà Ìgándò kò dára. Wọ́n ní àwọn ní mọ́tò tó lágbára. Ó ní ẹ̀fọn pọ̀. Wọ́n ní àwọn ní oògùn. Nígbà tí ó sú u, ó ní ọ̀nì wà nínú ọ̀sà náà, méjì, ńlá. Òyìnbó pàtẹ́wọ́. Ó ní ọ̀gá àwọn ò tíì rí ọ̀nì rí, inú rẹ̀ á mà dùn o.

Oṣù keje ni wọ́n wá. Òjò ti rọ̀ débi pé ẹrẹ̀ ń gba bàtà lọ́wọ́ èèyàn. Gbogbo àdúgbò jáde, tọmọdé tàgbà, kaluku pẹ̀lú korobá rẹ̀, torí wọ́n ní omi lè yọ lọ́jọ́ náà. Baálẹ̀ wọ agbádá. Gbóyèga yá fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ó lọ dúró sẹ́yìn níbi tí àwọn òyìnbó ti lè rí i, tí àwọn Àwórì ò sì ní í fura.

Mọ́tò ẹ́ḿbásì ló kọ́kọ́ yọ, lọ́rì ńlá kan tẹ̀ lé e, wọ́n fi tápólì bo ẹrù orí rẹ̀. Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga nìyẹn.

Olórí ìlú òkèèrè náà sọ̀ kalẹ̀. Àgbàlagbà gíga ni, oòrùn ti sọ ọ́ di pupa bí akàn inú ọbẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì sómi sórí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wọ́n ṣí tápólì.

Ọkọ̀ ojú omi ni. Igi ni wọ́n fi kàn án, ó tóbi, wọ́n kùn ún láró, àwọn àjẹ̀ rẹ̀ tò sínú. Wọ́n kọ ÌDẸ̀RA sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gàdàgbà.

Baálẹ̀ na ọrùn wò ó, ó bi Ọmọ́wùnmí pé ṣé abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ kànga wà.

Òun sì ni ògbufọ̀. Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní gbogbo ìgbà òtútù ni ìlú àwọn fi kan ọkọ̀ náà, pé àwọn ọmọdé ló kùn ún, kí ó lè léfòó lórí ọ̀sà Ìgándò títí ayé. Gbogbo ojú wá yí sí Ọmọ́wùnmí.

Ó ní, "Wọ́n ní wọ́n kí yín. Wọ́n ní omi ń bọ̀."

Ìgándò bú sáriwo ayọ̀, wọ́n lu korobá bí ẹni ń lù ú fọ́. Òyìnbó rò pé ọkọ̀ ni wọ́n ń yìn. Omi lé ròrò sójú bàbá náà, ó na ọwọ́, ó dì mọ́ baálẹ̀. Baálẹ̀ náà dì mọ́ ọn, torí kànga. Ọmọ́wùnmí ní bí ayé bá parí níbẹ̀ yẹn, òun ì bá ti là.

Ayé kò parí. Bàbá òyìnbó yọ máàpù Ọmọ́wùnmí jáde, ó ní kí àwọn máa lọ sí ọ̀sà.

Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó ṣíwájú wọn gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí àbàtà ńlá kan wà. Ó mọ̀ pé òjò ti kún un. Ó ń gbàdúrà lọ lójú ọ̀nà pé kí Ọlọ́run tó gbẹ Òkun Pupa fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì dákun ṣe òdìkejì rẹ̀ fún òun. Baálẹ̀ kò tẹ̀ lé wọn, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Mùnírátù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí ìkòkò oúnjẹ àlejò jáde, ló tẹ̀ lé wọn, kí àwọn àlejò má baà yọ̀ ṣubú.

Wọ́n dé ibẹ̀. Omi tẹ́ lọ, ó gbòòrò, ojú ọ̀run hàn nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin ẹ́ḿbásì gbé kámẹ́rà sójú. Ọkàn Ọmọ́wùnmí balẹ̀ díẹ̀.

Ìgbà náà ni màlúù yọ.

Fúlàní kan ló ń dà wọ́n bọ̀ láti òdìkejì. Wọn kò yà sọ́tùn-ún, wọn kò yà sósì, àárín ọ̀sà gan-an ni wọ́n gbà, ibi tí máàpù ní ó jìn jù. Omi kò kọjá pátákò wọn. Ọ̀kan dúró síbi tó yẹ kí erékùṣù wà, ó tọ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá òyìnbó wo màlúù náà pẹ́. Ó wo máàpù. Ó wá rọra bi Ọmọ́wùnmí pé, "Àwọn ọ̀nì ńkọ́?"

Ọ̀dọ́bìnrin ẹ́ḿbásì ti sọ kámẹ́rà kalẹ̀, ojú rẹ̀ le. Ó yí sí Mùnírátù, tó gbọ́ òyìnbó díẹ̀ torí ó lo ọdún mẹ́ta nílé-ẹ̀kọ́ girama kó tó bọ́ sídìí òwò, ó bi í pé Gbóyèga ọmọ baálẹ̀ tó fẹ́ rìnrìn àjò náà dà, bóyá òun á lè sọ òótọ́.

Mùnírátù ní, "Gbóyèga? Ọkọ obìnrin yìí ni. Bàbá mi kò bí Gbóyèga kankan."

Ọ̀rọ̀ náà ń yé e bọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, Ọmọ́wùnmí ń wò ó bó ṣe ń yé e. Ó wá fi Yorùbá bi í, kò pariwo, "Ọmọ́wùnmí, kànga ńkọ́?"

"Mùní, jọ̀ọ́."

"Ṣé o tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún wọn?"

"Rárá."

Ọjọ́ yẹn nìkan ni Mùnírátù pe orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra. Tíṣà ló máa ń pè é.

Mùnírátù ló ṣe ògbufọ̀ nígbà tí wọ́n padà délé, ó sì túmọ̀ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Àwọn kan fẹ́ na Gbóyèga, ṣùgbọ́n òun ti rò ó tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìn ọ̀kadà ni wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn tó kọrí sí Ìyànà Ìpájà, tìlẹ̀kẹ̀ tìlẹ̀kẹ̀. Bàbá Mọ́ṣúdù bẹ àwọn àlejò, ó ní oúnjẹ ti jinná, kí wọ́n má fi ebi lọ. Lẹ́yìn náà ló pe Ọmọ́wùnmí, ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí i.

Ó ní, "Omi ni mo tẹ ìka yìí fún. Ìwọ wá fi ìka mi parọ́."

Ọmọ́wùnmí ní èpè ì bá sàn.

Ẹ́ḿbásì fagi lé gbogbo rẹ̀, bàálù àti ìrànwọ́ àti ọ̀rẹ́. Nígbà tí Ọmọ́wùnmí padà lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bínú sí òun nìkan, kí wọ́n ṣáà gbẹ́ kànga, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò jẹ́ kí ó wọlé, ó ní wọ́n ti fi bí ojú rẹ̀ ṣe rí tó òun létí. Nílé-ẹ̀kọ́, ọ̀gá gba jọ́gíráfì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ó ní kò sí irọ́ tí èèyàn lè pa nínú híhun.

Baálẹ̀ kò lé wọn nílé. Ó ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n máa mu omi tí gbogbo èèyàn ń mu. Gbóyèga padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kí àwọn kó lọ sí Àgbàdo, ìyàwó rẹ̀ ní kí ó máa lọ, bí ó bá ti di ọmọ baálẹ̀ níbẹ̀ kó wá mú òun. Gbóyèga kò lọ mọ́, ó jókòó.

Àdúgbò wá fún un lórúkọ. Àwọn tó ní ẹ̀kọ́ ilé ń pè é ní Ìyá Ọlọ́sà. Àwọn tí kò ní ń pè é ní Ìyá Ọlọ́ṣà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀, àmì bíńtín tó wà lábẹ́ lẹ́tà ni ìyàtọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Ìgándò wọn kì í kọ ọ́, wọ́n ń pariwo rẹ̀ ni.

Ọkọ̀ ojú omi náà kò rí ibi lọ. Òyìnbó ní ẹ̀bùn kì í padà sílé, ó sì ṣòro láti dá a padà. Wọ́n gbé e sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣán igbó. Òjò rọ̀ sínú rẹ̀, ó kún, kò jò. Mùnírátù wò ó títí. Ó ní kí wọ́n wọ́ ọ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, ó ká páànù ilé ẹ̀rọ sí abẹ́ etí òrùlé, ó darí òjò sínú ọkọ̀. Bí omi tó mọ́ ṣe dé Ìgándò nìyẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n ní kó wà nínú omi, inú rẹ̀ ni omi wà. Tó bá di àárọ̀, obìnrin á tò, Mùnírátù á dúró nídìí rẹ̀ pẹ̀lú igbá, á máa bù fún wọn kí wọ́n má baà jà.

Ọmọ́wùnmí kò lọ síbẹ̀. Ìdímù ló ń rìn lọ, orí rẹ̀ ń ru omi, ẹnu rẹ̀ ń ru ẹ̀bi. Ó ní kí n sọ fún ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á yìí pé bí wọ́n bá rán yín lómi, kí ẹ sọ̀rọ̀ omi, kí ẹ padà sílé. Ó ní òun mọ̀ pé ẹ ò ní gbọ́, torí òun náà kì bá tí gbọ́.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó gbé korobá, ó lọ tò sẹ́yìn àwọn obìnrin nídìí ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó kí i, kò sẹ́ni tó lé e. Nígbà tó kàn án, Mùnírátù wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ tó wú náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sí korobá rẹ̀. Nígbà tó dé ìdajì, ó dúró.

Ó ní, "Ìdajì ni tìẹ. Ìdajì tó kù, lọ bù ú nínú ọ̀sà rẹ, Tíṣà."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, títí kan ìyàwó lèmọ́mù. Ọmọ́wùnmí dúpẹ́, ó gbé ìdajì korobá rẹ̀ karí, ó yà sọ́nà ilé. Ó ní kí òun tó rìn dé ẹnu ọ̀nà ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí orúkọ tí Mùnírátù fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé ó tún ti pe òun ní Tíṣà, ni òun bá dúró sójú ọ̀nà níbẹ̀, tí omi ń dà sí òun lára, tí òun ń rẹ́rìn-ín bí wèrè.